Obì Funfun Tí Hàjàrá Daṣọ Bò

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ, obì ń gbọ́ èdè. Kì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, Hàjàrá ni. Láràárọ̀, bó bá ti kírun àsùbá tán, á ṣí ilẹ̀kùn yàrá obì rẹ̀, á kí wọn bí ẹni ń kí ọmọ: "Ṣé ẹ jíire?" Á wá jókòó sórí àpótí, á tú apẹ̀rẹ̀ kan, á máa yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa bá wọn wí. "Ìwọ, kí ló ṣe ẹ́ tó o fi ń rọ? Ìwọ ńkọ́, ta ló gún ẹ nídìí?" Èmi á wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi níbi tí mo gbé máṣíìnì ìránṣọ mi sí, á máa pa mí lẹ́rìn-ín.

Moyinọlá lorúkọ tèmi, Ìyá Bíọ́dún. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, aṣọ ni mò ń rán, ṣọ́ọ̀ṣì Bàtísì ni mo sì ń lọ. Hàjàrá ní tirẹ̀, ọmọ Ìlọrin ni, Mùsùlùmí pọ́nńbélé, yàrá rẹ̀ dojú kọ tèmi nínú ilé kan ní Hayin Banki, nítòsí Kawo. Ẹgbẹ́ ni wá. A ti jọ pẹ́ débi pé bó bá ń wá àwo rẹ̀ kan tì, inú ìdáná mi ló máa kọ́kọ́ wò. Bí a bá jà láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ọ̀kan nínú wa á ti fi ata ránṣẹ́ sí èkejì.

Obì gbàǹja ló ń tà. Láti apá Ṣàgámù àti Àgọ́-Ìwòyè ni ọkọ̀ ti ń kó o wá bá a, nínú apẹ̀rẹ̀ ńláńlá tí wọ́n fi ewé gbòdògì tẹ́ nínú. Àwọn Haúsá ló ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Ní ìlú tí à ń gbé yìí, ìsọmọlórúkọ o, ìgbéyàwó o, ẹ̀bẹ̀ o, goro, bí wọ́n ṣe ń pe obì, ni. Bí o kò bá tíì gbé goro kalẹ̀, o ò tíì sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n obì ní ọ̀tá. Kòkòrò dúdú kékeré kan ni, kò tóbi ju orí ìṣáná lọ, ẹnu rẹ̀ gùn ṣóńṣó, òun ló fi ń lu obì. Láti oko ló ti ń bá obì bọ̀. Abo rẹ̀ á lu ihò, á yé ẹyin sínú ihò náà. Ẹyin á di ìdin, ìdin á máa jẹ inú obì ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ìwọ tó o ń wo èèpo rẹ̀ tó ń dán, o ò ní mọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí ìdin bá di kòkòrò tán, tó lu ògiri jáde, ọjọ́ yẹn lo máa tó mọ̀ pé ìyẹ̀fun lo ti ń tọ́jú látọjọ́ yìí.

Ohun tí gbogbo olóbì sì mọ̀ ni pé ooru lohun tí kòkòrò yìí ń fẹ́. Nínú oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, tí páànù orí ilé bá gbóná débi tí ẹyẹ kì í bà lé e, ẹyin tí wọ́n yé lánàá, kí o tó ṣẹ́jú, ó ti di ìdin, ìdin ti di ìyá, ìyá náà ti tún ń yé. Apẹ̀rẹ̀ tó mọ́ lóṣù yìí lè ti di eruku lóṣù tó ń bọ̀. Bí ọyẹ́ bá wá wọlé, gbogbo rẹ̀ á falẹ̀. Ẹyin á pẹ́ kó tó pa, ìdin á máa jẹun bí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, àwọn àgbà wọn á kóra jọ sídìí ewé, ìfẹ́ ọmọ bíbí á kúrò lọ́kàn wọn. Wọn kì í kú o. Wọ́n ń dúró de ooru ni.

Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí kò kúkú sá obì sóòrùn, kí kòkòrò inú rẹ̀ jóná kó sì bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ìyá Bíọ́dún, oòrùn tó lè pa kòkòrò, obì ló máa kọ́kọ́ pa. Ṣé igi gbígbẹ ni kí n máa wá tà fún àwọn oníbàárà mi?"

Nítorí náà, òtútù nìkan ló kù tó fi ń jà. Ẹ̀yìnkùlé wa, yàrá alámọ̀ àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbé, nítorí bíríkì àti sìmẹ́ǹtì ni gbogbo ayé ń lé. Hàjàrá ló háyà rẹ̀ fún obì. Inú ibẹ̀ tutù nini, kódà nígbà tí ìta bá ń jó bí ààrò. Ó wá ṣe òfin lé e lórí: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáná sítòsí ibẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ to apẹ̀rẹ̀ lé ara wọn, nítorí obì tó bá fún pọ̀ jù a máa gbóná fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Gbádégẹṣin tó jẹ́ onílé wa gbé ìkòkò èédú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn láti fi sun àgbàdo, ojú tí Hàjàrá fi wò ó ló mú kó gbé àgbàdo rẹ̀ wọlé ní tútù.

Ẹ ti rí i pé obìnrin tó mọ iyì òtútù ni. Ẹ wá bá a dé yàrá tó ń sùn, ẹ máa rí obìnrin mìíràn.

Ọmọ méjì ló bí ṣáájú Ameen. Òtútù àyà ló mú àwọn méjèèjì lọ, nínú ọyẹ́, ọyẹ́ ọdún kan tẹ̀ lé ti èkejì. Kì í sọ ọ́. Èmi ni mo ń sọ ọ́. Látìgbà yẹn, bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ yẹ́ẹ́ báyìí, Hàjàrá ti ti fèrèsé, ó ti ki àkísà bọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Ameen, tó ti di géńdé ọkùnrin, tó ń ṣe wẹ́dà ní Panteka níbi tí àwọn oníṣẹ́ irin pọ̀ sí, súwẹ́tà méjì ni ìyá rẹ̀ ń wọ̀ fún un jáde nílé. Bó bá dé ìkóríta, á bọ́ ọ̀kan sínú ọ̀rá. Bí mo bá sì ní kí Hàjàrá fi ọmọ sílẹ̀, á ní, "O bí mẹ́rin, mẹ́rin ń bẹ láyé. Máa wí tìẹ."

Ameen kì í janpata. Yorùbá ni ìyá rẹ̀ ń bá a sọ, Haúsá ló fi ń dá a lóhùn. "Haba Mama, ni ba yaro ba ne," pé òun kì í ṣe ọmọdé mọ́. Wọ́n ti fún un níṣẹ́ gidi rí ní Kánò. Hàjàrá kó sórí ibùsùn, ó ní ara òun ò yá. Mo sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé àìsàn irọ́ ni. Ó bínú, kò bá mi sọ̀rọ̀ àyàfi ìgbà tó fẹ́ yá ọlọ mi. Ameen náà kò lọ sí Kánò mọ́.

Ọdún 1996 ni Ameen sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí ìyàwó. Sáádátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Haúsá, láti Rigasa. Ọmọ náà tutù, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ, nítorí náà mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá bàbá rẹ̀, Hajiya Delu, ni gbogbo agbo ilé wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Èmi ni mo bá Hàjàrá lọ kí wọn nígbà àkọ́kọ́, nítorí ó ní òun ò lè dá lọ.

Ìyá àgbà náà kò fi Yorùbá tí à ń jẹ́ ṣe wàhálà. Ameen ń kírun, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wo Hàjàrá látòkè délẹ̀, bí mo ṣe máa ń wo aṣọ tí mi ò tíì gbà láti rán. Wọ́n wá sọ ní Haúsá, lójú gbogbo àwọn obìnrin tó jókòó síbẹ̀:

"Mo gbọ́ pé goro lò ń tà. Goro tí ẹ máa fi gbé ọmọ mi, má rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni kó o fọwọ́ ara rẹ ṣà á, kó o fọwọ́ ara rẹ tọ́jú rẹ̀. Mo fẹ́ mọ bí ọwọ́ rẹ ṣe ń tọ́jú nǹkan kí n tó fa ọmọ lé ọ lọ́wọ́."

Hàjàrá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀. "Hajiya, funfun ni màá gbé wá."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ta á ní ìgbúnwọ́. Obì funfun kì í ṣe nǹkan à ń ṣèlérí ṣáá. Nínú odidi apẹ̀rẹ̀ obì pupa, o lè má rí ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, òun ni wọ́n sì ka sí iyì jù níbi ìgbéyàwó. Àwọn obìnrin náà kùn hùn-ùn. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu, ó ti di ti gbogbo Rigasa. Bó bá kùnà, kì í ṣe ojú nìkan ló máa tì í. Hajiya Delu lè ní kí wọ́n sún ìgbéyàwó di ẹ̀yìn ààwẹ̀, ẹ̀yìn ààwẹ̀ lè di ẹ̀yìn Iléyá, a sì mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń parí. Ameen ò ní lè bá ìyá àgbà jà, Sáádátù náà ò ní lè ṣe é.

Gbogbo àkókò òjò ọdún yẹn ni Hàjàrá fi ṣa obì funfun. Apẹ̀rẹ̀ tó bá dé láti Ṣàgámù, á tú u tán pátá kó tó tà nínú rẹ̀. Á mú méjì níhìn-ín, á mú mẹ́ta lọ́hùn-ún, á nù wọ́n, á fi ewé tútù wé wọn, á kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kan tó yà sọ́tọ̀ nínú yàrá alámọ̀. Èyí tó bá ní ihò bí ó ti wù kó kéré mọ, á jù ú síta. Kó tó di pé òjò dá, apẹ̀rẹ̀ náà ti kún, ó ń tàn yòò bí eyín ọmọdé. Inú mi dùn sí i, ká sọ tòótọ́.

Ní àsìkò kan náà, ó gba yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ fún tọkọtaya. Ògiri kan ló dá wọn sí méjì, bí wọ́n bá wúkọ́ níbẹ̀, á gbọ́. Ó kun ún, ó ra kọ́tìnì tó nípọn. Ameen ti rí yàrá kan tirẹ̀ ní Tudun Wada, tó sún mọ́ Panteka, ó sì fi ìtìjú dá a lábàá. "Tudun Wada kẹ̀?" ni Hàjàrá wí. "Ta ni á máa wò ẹ́ níbẹ̀ tí ara ẹ ò bá yá?" Ọmọkùnrin náà wò mí, mo wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ọyẹ́ wá dé. Ọyẹ́ ọdún yẹn kì í ṣe kékeré. Ètè gbogbo wa là, eruku bo ojú ọ̀run débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí oòrùn, omi inú àmù ń ta eyín bí ẹní jẹ yìnyín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí Hàjàrá tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ obì funfun jáde nínú yàrá alámọ̀, ó gbá a mọ́yà.

"Ìyá Ameen, níbo lò ń gbé ìyẹn lọ?"

"Yàrá mi ni. Ọyẹ́ yìí fẹ́ pa wọ́n. Èèpo wọn ti ń hunjọ."

"Fi ewé tútù kún un, kó o wọ́n omi sí i. Ṣebí bó o ṣe máa ń ṣe nìyẹn?"

"Ti títà nìyẹn. Èyí yàtọ̀."

"Ó yàtọ̀ báwo? Ṣé kòkòrò mọ èyí tó jẹ́ títà yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti ìyàwó ni?"

Ó pòṣé. "Má fi ẹnu ẹ ba nǹkan mi jẹ́. Kò sí èyí tó ní ihò nínú wọn."

Ó gbé e wọlé. Mo tẹ̀ lé e, mi ò kúkú ní ìtìjú. Abẹ́ ibùsùn ló tì í sí, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì Ameen àtijọ́ wé e yípo, ó wá gbé ìkòkò èédú sí àárín yàrá bó ṣe máa ń ṣe lọ́yẹ́. Fèrèsé wà ní títì, àkísà wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ooru yàrá náà mú mi láagùn. Mo tún ṣí ẹnu, mo rí ojú rẹ̀, mo pa á dé. Ẹ̀rù ló wà lójú yẹn. Hàjàrá tí mo mọ̀ nínú yàrá alámọ̀, tó ń lé onílé pẹ̀lú èédú rẹ̀, kì í ṣe òun ló dúró níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn kò tú apẹ̀rẹ̀ náà wò mọ́. Ó ní bí òun bá ń ṣí i, atẹ́gùn ọyẹ́ á wọ̀ ọ́. Ó ń fọwọ́ kan búláńkẹ́ẹ̀tì náà láràárọ̀, bó bá ti bá a tó lọ́wọ́ọ́wọ́, á ní "Alhamdulillahi."

Wọ́n dá ìgbéyàwó sí ọjọ́ Jímọ̀ kan, kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ní ọ̀sán ọjọ́rú tó ṣáájú rẹ̀, Hàjàrá pè mí pé kí n wá bá òun to obì sínú igbá. Ó ti fọ igbá, ó ti tẹ́ aṣọ funfun sínú rẹ̀. Ó fa apẹ̀rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn, ó tú búláńkẹ́ẹ̀tì, ó ká ewé òkè.

Ooru kọ́kọ́ jáde, ó kan mí lójú bí èémí ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni mo rí wọn. Kòkòrò ń rìn lórí obì, lórí ewé, wọ́n ń gun etí apẹ̀rẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Hàjàrá mú obì kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, obì náà wó sínú ara rẹ̀, ìyẹ̀fun dà sí aṣọ funfun. Ó mú òmíràn. Ìdin ń jó nínú ìyẹn, wọ́n tóbi, wọ́n sanra. Ó mú òmíràn. Èmi ni mo kígbe. Òun kò kígbe.

Ó dìde, ó kọjá lára mi, ó lọ sí yàrá alámọ̀, ó tú apẹ̀rẹ̀ obì pupa kan. Obì tó wà fún títà, tí kò fi nǹkankan wé. Oko kan náà ló ti wá, ọkọ̀ kan náà ló gbé wọn, kòkòrò sì wà nínú wọn, nítorí a rí méjì tàbí mẹ́ta tó ká jọ sábẹ́ ewé bí ẹni tó ń sùn. Ṣùgbọ́n obì náà dúró ṣánṣán. Hàjàrá yí wọn síwá sẹ́yìn, ó kó wọn padà.

"Gbọ́," ni mo wí, "a máa ṣa àwọn tó ṣì dáa nínú funfun yẹn. A máa fi pupa sísàlẹ̀, ká fi funfun bo orí. Ta ló ń tú igbá dé ìdí níwájú èrò?"

Ó yíjú sí mi. Inú ń bí i gan-an ni.

"Moyinọlá, mi ò fi dáadáa bo burúkú fún oníbàárà rí. Ṣé orí ọmọ mi ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Nígbà tó bá pe orúkọ mi báyẹn, mo máa ń gbọ́. Mo lọ káàkiri Kawo nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bóyá mo lè rí obì funfun lọ́wọ́ àwọn olóbì tó kù. Ohun tí mo kó bọ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́ méjì. Nígbà tí mo délé, Ameen ti ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó ti apẹ̀rẹ̀ náà lórí ilẹ̀, ó ń wo kòkòrò. "Shi ke nan," ló ń wí, pé ó parí. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò rí àpárá kankan dá.

Lọ́jọ́bọ̀, láàárọ̀, Hàjàrá dé gèlè rẹ̀, ó fi aṣọ di apẹ̀rẹ̀ obì tó ti jẹrà náà, ó gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì. Mo ní kí ló dé tí kò lè lọ lọ́wọ́ lásán kó lọ ṣàlàyé. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ́wọ́, kó gbé òkú ohun tó pa dání. Rigasa jìnnà sí wa, achaba ló gbé wa wọ inú àdúgbò lọ lẹ́yìn tí a sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa lórí alùpùpù tirẹ̀. Nígbà tí a dé, eruku ti sọ àwa méjèèjì di arúgbó.

Hajiya Delu jókòó sórí ẹní nínú oòrùn àárọ̀, àwọn obìnrin ilé ń ṣa ìrẹsì ìnáwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. A kúnlẹ̀, a kí wọn. Wọ́n rí ojú wa, wọ́n ní kí àwọn tó kù dákẹ́. Hàjàrá gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó tú aṣọ tó fi dì í.

"Hajiya, èyí ni goro funfun tí mo ṣèlérí. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ sórí ẹní. Obìnrin kan fò dìde. Hajiya Delu kò mira. Wọ́n mú obì kan, wọ́n bù ú sí méjì, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n gbé e sílẹ̀.

"Ibo lo tọ́jú rẹ̀ sí?"

"Yàrá mi. Mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e. Mo dáná tì í."

"Ìwọ olóbì. O ò mọ̀ pé ooru ń mú kòkòrò bímọ ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Hajiya."

"Kí ló wá ṣe ẹ́?"

Hàjàrá wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti gbogbo ọdún tí a ti jọ ń gbé.

"Ọmọ méjì ni ọyẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, Hajiya. Nígbà tí mo rí i tí ọyẹ́ ń fẹ́ sára obì ọmọ mi, mi ò lè wò ó. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mi ò lè ṣe é."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń ṣa ìrẹsì fi etí ìborùn nu ojú. Hajiya Delu tún yẹ obì tí wọ́n bù náà wò.

"Goro tó wà fún títà ńkọ́? Ṣé òun náà bàjẹ́?"

"Rárá. Ó dáa."

"Níbo lòun wà?"

"Inú òtútù."

"Hùn-ùn. Èyí tí o kò fẹ́ràn ló yè."

Orí Hàjàrá wálẹ̀. Ó dùn mí fún un, mo fẹ́ fà á dìde ká máa lọ sílé. Ìyá àgbà náà na ọwọ́, wọ́n gbá kòkòrò kan kúrò létí aṣọ Hàjàrá, wọ́n ṣe é jẹ́jẹ́.

"Yàrá tí ọmọ mi máa gbé, níbo ló wà?"

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ògiri kan ló wà láàárín wa."

"Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Níbo lòun fẹ́ kí wọ́n gbé?"

Hàjàrá bẹ̀rẹ̀ sí í to ewé padà sórí apẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo bá sọ pé, "Tudun Wada, Hajiya. Ó ti rí yàrá síbẹ̀." Hàjàrá kò bá mi jà.

"Ẹ gbé goro pupa wá lọ́la," ni Hajiya Delu wí. "Ẹni tó bá bèèrè funfun, kó wá bi mí. Ẹni tó lè gbé ìtìjú ara rẹ̀ wá láti Hayin Banki, kò ní tan ọmọ mi jẹ. Mo ti mọ bí ọwọ́ rẹ ṣe rí. Ọwọ́ rẹ dáa, ó kàn ń gbóná jù ni." Wọ́n di ọwọ́ náà mú. "Ọmọ kan ṣoṣo tí ọmọ mi ọkùnrin fi sílẹ̀ fún mi ni Sáádátù. Èmi náà ń bẹ̀rù. Síbẹ̀ mo ń fún ọ. Tìẹ náà, fún un."

Wọ́n ní "Allah ya sanya alheri," pé kí Ọlọ́run fi ire sí i, àwọn obìnrin tó kù gbà á lẹ́nu wọn, ìgbéyàwó ti wà nìyẹn.

Nígbà tí a padà délé, Ameen dìde lẹ́nu ọ̀nà, kò lọ síbi iṣẹ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ẹ̀rù ń bà á láti bèèrè.

"Wọ́n gbà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Pupa ni a máa gbé lọ lọ́la."

Ọmọ náà fọwọ́ bo ojú. Hàjàrá kọjá lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá tó kùn fún wọn, ó dúró níbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

"Ameen, yàrá Tudun Wada yẹn, ṣé ó ṣì wà?"

Ameen wò mí. Ó rò pé ìyá rẹ̀ fẹ́ dẹ pàkúté fún un. Mo mirí sí i.

"Ó ṣì wà, Màmá."

"Ṣé ó ní fèrèsé?"

"Ó ní méjì."

"Ṣé wọ́n ṣe é ṣí?"

"Wọ́n ṣe é ṣí."

"Lọ san owó rẹ̀ kí wọ́n tó fún ẹlòmíràn. Lọ báyìí."

Ó dúró díẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ á yí padà. Nígbà tí kò yí padà, ó sáré jáde pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lọ́rùn nínú ọyẹ́, kò mú súwẹ́tà kankan. Hàjàrá rí i. Mo mọ̀ pé ó rí i, nítorí ọwọ́ rẹ̀ gbéra bíi kó pè é padà, ó sì fi ọwọ́ náà di férémù ilẹ̀kùn mú, ó dì í mú pinpin. Ó gbé iwájú orí lé ògiri tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo lọ dúró tì í. Mi ò ní kó dákẹ́.